Rọ́bọ́ọ̀tì Tí Nọ́ọ̀sì Ṣìkẹ́mi Kọ́ Ní "A Dúpẹ́"

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé orí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ lè jí láàárọ̀ kí ẹ má bá aládùúgbò yín sọ nǹkan kan títí oòrùn á fi wọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa létí omi, kò jọ bẹ́ẹ̀. Ní abúlé tí Nọ́ọ̀sì Ṣìkẹ́mi ti ń ṣiṣẹ́, láàárín Awoyè àti Molútẹ̀hìn, bí ọkọ̀ kan bá ń kọjá lẹ́nu ilé àgbàlagbà láàárọ̀, ẹni tó ń wà á gbọ́dọ̀ gbé ohùn sókè: "Ẹ káàárọ̀ o! Ṣé dáadáa lẹ jí?" Àgbàlagbà á dáhùn láti orí ẹní rẹ̀ pé, "A dúpẹ́ o!" Ọkọ̀ á kọjá. Bí ogún ọkọ̀ bá kọjá, ìgbà ogún ni yóò dáhùn. Bí wọn ò bá gbọ́ èsì, wọ́n á so ọkọ̀ mọ́ òpó ilé, wọ́n á gun àkàbà lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. A ò ní ọlọ́pàá, a ò ní aago ìdágìrì. Ìkíni yẹn la ní.

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí Ṣìkẹ́mi ti wà lórí omi yẹn. Ọmọ Òde Mahin ni. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá sí ilé ìwòsàn wa, ọmọge tó ń wọ bàtà gíga ni. Ní ọjọ́ kẹta, gìgísẹ̀ bàtà há sáàárín pákó afárá, ẹsẹ̀ yọ, bàtà bọ́ sómi. Kò wá a. Láti ọjọ́ náà, sílípáàsì ló ń wọ̀. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún lábúlé náà tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Bí ẹ bá sì bi í pé ṣé ara le, ẹ̀rín ló máa kọ́kọ́ rín, á ní, "A dúpẹ́." Ọkọ rẹ̀ kú, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì: "A dúpẹ́." Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń fi aṣọ dì í lábẹ́ ìró: "A dúpẹ́." Onísùúrù ènìyàn ni, àbí kí n sọ pé alágídí.

Bàbá Ọlọ́rundáre ló wá di ẹrù sí i lọ́rùn. Apẹja pàtàkì ni bàbá yìí láyé ọjọ́un. Ohùn rẹ̀ máa ń bo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e ṣubú. Apá ọ̀tún rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ, ahọ́n wúwo, ohùn tó kù kò sì kọjá ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù, Happiness, ń ṣe tíṣà ní Òkìtìpupa, ó sì ti palẹ̀ yàrá kan mọ́ dè é.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, bàbá mi ò lè dá gbé lórí omi mọ́," ni Happiness wí. "Bí wọ́n bá gbàgbé oògùn wọn lọ́jọ́ méjì péré, ó parí nìyẹn."

Bàbá bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ó ní ibi tí òun ò ti ní gbọ́ omi lábẹ́ ilé, ibojì ni. Ṣìkẹ́mi ò lè gba ẹkún yẹn mọ́ra. Ó di ọwọ́ Happiness mú, ó ní, "Fi wọ́n sílẹ̀ fún mi. Ojoojúmọ́ ni màá máa yọjú sí wọn." Jọọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta ẹja gbígbẹ, náà ní òun á máa gbé púpurù àti ọbẹ̀ wá fún Bàbá ní ìrọ̀lẹ́. Happiness gbà, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tí àdéhùn yẹn bá yẹ̀, òun á wá gbé bàbá òun.

Ẹ wo ẹ̀jẹ́ tí ẹni tí orúnkún ń dùn ń jẹ́! Àkàbà ilé Bàbá jẹ́ ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́fà, tí Ṣìkẹ́mi bá dé ìgbésẹ̀ karùn-ún, á dúró bí ẹni tó ń wo ojú ọjọ́. Kò sí nǹkan tó ń wò níbẹ̀. Ìrora ló ń jẹ́ kó rọlẹ̀.

Ìgbà náà ni Faiz dé. Ọmọ Alhaja Rekiyat ni Faiz. Inú ọkọ̀ ni Ṣìkẹ́mi ti gbẹ̀bí rẹ̀, wọn ò tíì dé ilé ìwòsàn. Ó ti kàwé, ó ti di ẹni tó ń bá àwọn kan ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ń ran àgbàlagbà lọ́wọ́. Ó gbé rọ́bọ́ọ̀tì kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta, ó funfun, ojú rẹ̀ ń tàn lára gíláàsì, ó ní ọwọ́ kéékèèké méjì, táyà ló fi ń rìn, sólà ló sì ń jẹ. Faiz ní yóò máa rán Bàbá létí oògùn, yóò máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, yóò máa bá a sọ̀rọ̀, yóò sì máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù ilé ìwòsàn.

Ṣìkẹ́mi wo ẹ̀rọ náà láti òkè délẹ̀. "Faiz, ṣé torí kí o lè wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni mo ṣe gbé ọ jáde sáyé?"

Faiz dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí afárá. "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Kò wá gba iṣẹ́ yín. Àkàbà gígùn ló wá bá yín dín kù."

Ọ̀rọ̀ àkàbà yẹn wọ̀ ọ́ lára, kò sì jẹ́ kó hàn. Faiz fún un ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fún gbogbo òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n bá gbé rọ́bọ́ọ̀tì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀: "Ǹjẹ́ ẹ gbà pé ẹ̀rọ yìí lè bá yín tọ́jú ènìyàn?" Ṣìkẹ́mi kọ RÁRÁ, ó tẹ báírò mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé ya. Faiz ní kò burú, òun á tún béèrè lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bí ó bá ṣì ní rárá, àwọn á gbé e lọ.

Níbẹ̀rẹ̀, Bàbá náà ò gba tiẹ̀. Rọ́bọ́ọ̀tì yìí ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Bó bá ti ní, "Bàbá, àsìkò oògùn ti tó," Bàbá á di ojú bí ẹni tó sùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò mọ ìbínú, kì í rẹ̀ ẹ́. Á tún pè é. Á tún pè é. Lọ́sẹ̀ kejì, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìtàn òkun fún un, nítorí òun nìkan ni ẹni tí kì í sọ pé, "Bàbá, kí lẹ wí? Mi ò gbọ́." Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń mọ ohùn tó wúwo yẹn, títí tó fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí àwa gan-an ò gbọ́.

Ohun kan ló wà tó ń dun Bàbá ju àìsàn lọ. Àwọn ọlọ́kọ̀ ò kí i mọ́. Kì í ṣe ìkà o. Wọ́n kí i títí, wọ́n ń gun àkàbà lójoojúmọ́, wọ́n ń bá a níbẹ̀ tó ń la ẹnu tí ohùn ò jáde. Ojú wá ń tì wọ́n bá a. Wọ́n á tẹ àjẹ̀ wọn bọmi jẹ́jẹ́, wọ́n á kọjá láìsọ̀rọ̀.

"Nọ́ọ̀sì," ni Bàbá wí lọ́jọ́ kan, "wọ́n ti kà mí mọ́ òkú."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Ṣìkẹ́mi lọ́kàn. Kí ó tó délé, ó ti pe Faiz. "Ẹ̀rọ yín yẹn, ṣé ó lè pariwo?"

"Ó lè pariwo dáadáa, mà."

"Kọ́ ọ kó máa bá Bàbá dáhùn. Bí wọ́n bá ti kí wọn látorí omi, kó ní, 'A dúpẹ́ o.'"

"Bí wọ́n bá wá bi í ní nǹkan mìíràn ńkọ́, mà?"

"Kí ni wọ́n tún fẹ́ bi í? Ohunkóhun tí wọ́n bá wí, kó ṣáà dúpẹ́. Àbí báwo ni gbogbo wa ti ń ṣe é?"

Faiz rẹ́rìn-ín, ó kọ́ ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Jọọlá ń wa ọkọ̀ bọ̀, ó ní kí òun dán an wò. "Bàbá, ẹ káàárọ̀ o!" Láti ojú fèrèsé ni ohùn kan ti bú jáde: "A DÚPẸ́ O!" Àjẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Jọọlá. Bàbá bú sẹ́rìn-ín lórí ẹní, gbà-gbà-gbà, torí gbogbo nǹkan tí àìsàn gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gba ẹ̀rín. Ẹ̀rín yẹn dé orí omi. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ọkọ̀ ló fẹ́ gba ẹnu ilé Bàbá kọjá. Bàbá sọ rọ́bọ́ọ̀tì ní Ọpẹ́fólúwa lọ́jọ́ náà. Ṣìkẹ́mi fúnra rẹ̀ kí i nígbà tó ń lọ: "Ọpẹ́fólúwa, ó dàárọ̀ o." Ó sì ń dùn mọ́ ọn nínú.

Ibi tó ti dùn náà ló ti bàjẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ ń wọlé sórí fóònù lójoojúmọ́ pé Bàbá ti lo oògùn, pé ìfúnpá rẹ̀ dára. Orúnkún ń wú. Ojoojúmọ́ di ọjọ́ méjì-méjì, ọjọ́ méjì-méjì di ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Ṣìkẹ́mi ń sọ fún ara rẹ̀ pé, ṣebí wọ́n ń dáhùn.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, lẹ́yìn òjò ńlá tó gbé nẹ́tíwọ̀kì lọ, ó jókòó nílé ìwòsàn, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Jọọlá wọlé kó wá di ọwọ́ tí ọ̀bẹ gé.

"O gba ẹnu ilé Bàbá kọjá?"

"Mo gba ibẹ̀. Ọpẹ́fólúwa tún pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní, 'Bàbá, mo ti kó gbogbo àwọ̀n yín tà o!' Ó ní, 'A dúpẹ́ o!'" Jọọlá ń rẹ́rìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ọwọ́ yọ.

Ṣìkẹ́mi dá bándéèjì dúró. "Bàbá ńkọ́? Ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín?"

Jọọlá ronú. Ẹ̀rín tirẹ̀ náà kú. "Mi ò gbọ́ ẹ̀rín wọn."

"Jọọlá, dìde. Gbé ọkọ̀."

Bí wọ́n ti ń sún mọ́ ilé náà, ọkọ̀ kan ń kọjá níwájú wọn. Ẹni tó ń wà á kí Bàbá. Ohùn dáhùn kedere láti ojú fèrèsé pé, "A dúpẹ́ o!" Ọkọ̀ náà sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣìkẹ́mi ò mọ bí òun ṣe gun àkàbà yẹn. Jọọlá ní ó fi ìdí wọ́, ó fi ọwọ́ fà, ó ń pe Jésù.

Bàbá wà nílẹ̀ láàárín ẹní àti ògiri, apá tó rọ wà lábẹ́ rẹ̀, ojú là sílẹ̀, ètè gbẹ. Ọpẹ́fólúwa dúró tì í. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí ẹ lo oògùn. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Ọkọ̀ mìíràn kí wọn látìta. Rọ́bọ́ọ̀tì yí sí fèrèsé. "A dúpẹ́ o!" Ó tún yí padà sí i. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

Ṣìkẹ́mi wólẹ̀ lórí orúnkún náà gan-an, kò rántí pé ó ń dun òun. Ó gbé orí Bàbá lé itan, ó fún un lómi díẹ̀díẹ̀, ó wọn ìfúnpá, ó fún un lóògùn. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Ọlọ́run ṣàánú, ó là á já.

Faiz dé lọ́jọ́ kejì, ó yẹ inú ẹ̀rọ wò. Láti ìdájí ni Ọpẹ́fólúwa ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe Bàbá. Ìgbà mọ́kànlá ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn, nẹ́tíwọ̀kì ni kò jẹ́ kó jáde. Ọkọ̀ mẹ́rìndínlógún ló kọjá tó bi í pé ṣé dáadáa ni. Ó sì dá gbogbo wọn lóhùn bí wọ́n ti kọ́ ọ.

Ìgbà náà ni Happiness wọlé pẹ̀lú báàgì òfìfo, ó wá kó ẹrù bàbá rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Àbí irin lẹ fi bàbá mi sílẹ̀ fún?"

Ó rọrùn fún Ṣìkẹ́mi láti tọ́ka sí rọ́bọ́ọ̀tì, kó ní ṣebí òun ti kọ RÁRÁ látìbẹ̀rẹ̀. Faiz pàápàá ti tẹ orí ba, ó ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó di etí tábìlì mú.

"Happiness, ẹ̀rọ yìí ò jẹ̀bi. Ó mọ̀ pé bàbá rẹ ò gbádùn. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó má sọ. Mo ní ohun yòówù tí wọ́n bá bi í, kó dúpẹ́. Èmi náà ni mo jẹ́jẹ̀ẹ́ ojoojúmọ́ tí mi ò mú un ṣẹ. Tó o bá fẹ́ gbé bàbá rẹ lọ, mi ò ní dá ọ dúró."

Láti orí bẹ́ẹ̀dì ni ohùn kan ti jáde, ó kéré, ó wúwo. Ọpẹ́fólúwa ló gbọ́ ọ yé, òun ló sì tún un sọ fún wọn: "Bàbá ní, ká ní àwọn lè pariwo lọ́jọ́ náà, tí ọkọ̀ bá kí àwọn níbi tí àwọn ṣubú sí, 'a dúpẹ́' náà ni àwọn ìbá sọ."

Wọ́n wo ara wọn. Happiness ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà wá di ẹkún. "Òótọ́ ni. Irú wọn nìyẹn. Irú gbogbo yín nìyẹn!" Ó fún wọn ní oṣù kan láti tún nǹkan ṣe.

Wọ́n wá tún Ọpẹ́fólúwa kọ́. Bí ọkọ̀ bá kí Bàbá, yóò kọ́kọ́ yíjú sí i. Bàbá á fi ọwọ́ òsì gbé àjẹ̀ rẹ̀ àtijọ́, á fi gbá pákó ilé: gbò! Ìgbà náà ni yóò tó dáhùn. Bí kò bá gbọ́ gbò, yóò bọ́ sójú fèrèsé, yóò pariwo, "Ẹ yà síbí o!" Ẹni tó bá gbọ́ ọ tí kò yà, gbogbo abúlé ló ń bá jà. Ṣìkẹ́mi fi èyí kún un: "Faiz, àwa kì í sọ òótọ́ ní ìbéèrè àkọ́kọ́. Kọ́ ọ kó máa béèrè lẹ́ẹ̀mejì."

Kí oṣù náà tó pé, ó pariwo lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́, Bàbá ń bínú ni, kò wù ú láti gbá pákó, ọkọ̀ márùn-ún ló sì yà wá bú u. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, ibà ni, ara rẹ̀ gbóná, ó ń gbọ̀n. Jọọlá ti gbé e dé ilé ìwòsàn kí omi tó gbóná fún ẹ̀kọ. Nígbà tí Happiness gbọ́, ó gbé báàgì òfìfo rẹ̀ padà sí Òkìtìpupa. Nígbà tí Faiz gbé fọ́ọ̀mù dé, Ṣìkẹ́mi kọ ọ́ báyìí: "Ó lè bá wa tọ́jú ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá kọ́ ọ ni yóò ṣe, kí a ṣọ́ ohun tí a ń kọ́ ọ."

Ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gun àkàbà dé òkè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ káàárọ̀, Nọ́ọ̀sì," ni Ọpẹ́fólúwa wí. "Ṣé ara le?"

"A dúpẹ́."

Ojú tó ń tàn yẹn ò kúrò lára rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni?"

Ṣìkẹ́mi la ẹnu. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n, kò sẹ́ni tó tíì bi í lẹ́ẹ̀kejì rí. Ó wo Bàbá. Bàbá di àjẹ̀ mú lọ́wọ́ òsì, ó ń wò ó, kò sì gbá pákó. Omijé ló kọ́kọ́ jáde. Rọ́bọ́ọ̀tì dúró, kò gbọ́ gbò, ó bá yí sójú fèrèsé.

"Ẹ yà síbí o! Nọ́ọ̀sì ò dáhùn!"

"Yéè! Dákẹ́! Pa ẹnu dé!" Kò pa á dé. Ọkọ̀ mẹ́rin yí padà lójú omi. Jọọlá ló kọ́kọ́ gun òkè, ó ń mí gúlegúle. "Ta ló ṣubú?"

"Kò sẹ́ni tó ṣubú," ni Ṣìkẹ́mi wí. Ó tú aṣọ tó fi di orúnkún. "Ọdún mẹ́ta ló ti ń dùn mí, Jọọlá. Mi ò lè gun àkàbà mọ́ láìsunkún."

"Ọdún mẹ́ta! Orí rẹ ò pé!" Jọọlá ń bú u, ó ń fi ìborí rẹ̀ nù ún lójú. Àwọn ọkùnrin méjì tí Ṣìkẹ́mi gbẹ̀bí wọn gbé e sọ̀ kalẹ̀ bí ẹyin.

Happiness ló ní kí wọ́n gbé e wá sí Òkìtìpupa fún ìtọ́jú. Yàrá tó ti palẹ̀ mọ́ fún bàbá rẹ̀ ló gbà á sí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Dókítà ń wo orúnkún, Happiness ń se oúnjẹ. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, kò sí omi lábẹ́ ilé, kò sì sí ọkọ̀ tó ń kọjá tó lè kí i. Ó ń jí láàárọ̀, ilé á dákẹ́ lórí rẹ̀, ó wá yé e ohun tí Bàbá ń sọ nípa ibojì.

Ní ọjọ́ kẹrin, fóònù rẹ̀ dún bí ilẹ̀ ti ń mọ́. Ọpẹ́fólúwa ló pè é. Ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ ni gbò! lórí pákó. Lẹ́yìn náà ni ohùn Bàbá, ó wúwo, ó kéré, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni ò bá a sọ ọ́: "Nọ́ọ̀sì. Ṣé dáadáa lo jí?"

Ṣìkẹ́mi fi ọwọ́ kan orúnkún rẹ̀ tí wọ́n dì, ó wò ó dáadáa kó tó dáhùn.

"Ó dùn mí díẹ̀ láàárọ̀ yìí, Bàbá," ló wí. "Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ pè mí. A dúpẹ́ o."